Ìlà Kan Ṣoṣo Lábẹ́ Èèkù

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú tó wọ aṣọ funfun, kó lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù ńlá yẹn, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí iná pupa kan ti máa ń tàn lókè ilẹ̀kùn. Ìyá Ẹ́kísíréè ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀. Kò bímọ o, ọjọ́ orí àti ojú líle ló sọ ọ́ di ìyá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń wo inú ara ọmọ aráyé, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà tí òfin iṣẹ́ kò gbà á láyè láti sọ: "Ó ti ṣẹ́." Yóò ya àwòrán tán, yóò rí egungun tó là sí méjì kedere, aláìsàn yóò máa wò ó lẹ́nu, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rí?" Òun náà yóò gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, yóò ní, "Dókítà ló máa sọ fún yín." Dókítà ọ̀hún lè jẹ́ ọmọ àná tó ṣì ń bèèrè ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kó tó lanu bá aláìsàn sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ yọ́ wá bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé, "Mà, kí lẹ rò sí i?" Ṣé ẹ rí ìyà?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú fóònù ni ẹnu rẹ̀ ti ń rí afẹ́fẹ́. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn idà àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáàn. Ẹ má bi mí pé kí ló kàn wọ́n. Àwọn kan ń kó sítáǹpù jọ, àwọn kan ń sin ẹyẹlé. Tàwọn wọ̀nyí, idà ni. Wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún, awakọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún eyín ṣe wà níbẹ̀. Ẹnì kan á gbé àwòrán idà síta, á bo ibi tí alágbẹ̀dẹ kọ orúkọ sí, á ní kí àwọn yòókù wo ara irin nìkan kí wọ́n sọ ilé tó ti wá. Wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀. Nínú dúrọ́ọ̀ Ìyá Ẹ́kísíréè, irin róbótó méje ló wà, irú èyí tó máa ń jókòó sáàárín èèkù àti ojú idà kí ọwọ́ má baà yọ̀ sórí ojú mímú. Ó fi aṣọ òwú wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì ní idà kúkurú kan, tó fi irin róbótó méjì àti kámẹ́rà àtijọ́ kan gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún eyín ṣe yẹn.

Àwòdì lorúkọ tó ń jẹ́ láàárín wọn. Gbogbo wọn rò pé ọkùnrin ni. "Ọ̀gá Àwòdì, ẹ bá wa wo èyí." "Bàbá Àwòdì, ojú yín ò ní fọ́ o." Kò tún un ṣe fún wọn. Ẹni tó lè rí ìlà tó tín-ín-rín bí irun lára egungun ọrùn ọwọ́, kí ni idà fẹ́ fi pamọ́ fún un? Olórí ẹgbẹ́, lọ́yà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kúkú ń pè ní Lọ́yà, kì í dá ẹjọ́ idà kankan tán bí Àwòdì ò bá tíì sọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ìfẹ́ kọ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Ìbínú ni.

Kúùkù inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀. Ọdún kan ó darí wálé pẹ̀lú idà kan nínú aṣọ, ó ní ọ̀gá ọkọ̀ tí òun tọ́jú nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn lójú agbami ló fún òun. Ó ní ọ̀gá náà sọ fún òun pé lábẹ́ èèkù, níbi tí ojú ò tó, alágbẹ̀dẹ tó rọ idà yìí kò kọ orúkọ kankan ju "ọ̀kan" lọ. Bí wọ́n sì ṣe ń kọ "ọ̀kan" nílẹ̀ wọn, ìlà kan ṣoṣo ni. Háà, ẹbí gbọ́, ẹbí rẹ́rìn-ín! "Kúùkù tó ń gé àlùbọ́sà ni wọ́n fún ní idà olówó iyebíye!" Àwọn àbúrò rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù ló ti rà á. Wọ́n sọ ọ́ ní Baba Onídà, wọn kì í sì í pè é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má ki ẹ̀rín bọ̀ ọ́. Bàbá kò tú èèkù náà kó fi han ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, òun ò sì ní ba ẹ̀bùn ẹlẹ́bùn jẹ́ nítorí ẹnu ayé. Wọ́n sin ín pẹ̀lú orúkọ òpùrọ́ lórí.

Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọkùnrin, ó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Àbúrò ni Ìyá Ẹ́kísíréè. Àbúrò ló tọ́jú Bàbá ní ọdún mẹ́ta ìkẹyìn, òun ló ń fá irùngbọ̀n fún un, òun ló ti ń bá a fi epo nu idà yẹn láti kékeré. Ọjọ́ tí Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n dé, ó gbé idà, ó ní òun ni dáwódù. "Obìnrin, kí lo fẹ́ fi idà ṣe?" Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ló wà lórí èèkù, ni àbúrò bá jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàà, ó di ọdún mẹ́sàn-án. Òun ò pè é, ìyẹn náà ò pè é. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e gan-an ló wọ ẹgbẹ́ onídà, kó lè mọ gbogbo ohun tí ẹni tó gbé idà lọ kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó jókòó sí yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ òjé tó ń dí ìtànṣán ẹ̀rọ kọ́ sí, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ṣí fóònù. Ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Kúùkù, ti gbé àwòrán márùn-ún síta. "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá mi ló fi idà yìí sílẹ̀ fún mi. Bàbá ní òótọ́ ni, ẹbí ní irọ́ ni. Mo ti tú èèkù rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kí n lè mọ èyí tí màá gbà."

Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Nínú àwòrán kejì, èèkù náà dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, okùn búlúù tí wọ́n fi ń pẹja ló wà níbi tó ti tú rí. Òun ló di etí okùn yẹn mú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí Bàbá ń fi eyín fa ìkejì.

Ọmọ Kúùkù! Ẹni tó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé pé ọ̀gá inú ọkọ̀ ni bàbá òun! Ara Ìyá Ẹ́kísíréè gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ó kọ̀wé sí i: "Ìwọ ta ni? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Ìdáhùn dé wéré: "Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń gé, sà. Ẹ má bínú bí àwòrán náà ò bá fi bẹ́ẹ̀ dán, sà. Wọ́n ní ojú yín ló mú jù, ẹ ṣàánú mi." Ẹ wo ayé! Dáwódù ń kí àbúrò rẹ̀ ní "ẹ", ó ń pè é ní "sà", àbúrò sì ń fi "o" dá a lóhùn. Ó dùn mọ́ ọn o. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn yòókù ń yin idà náà. Lọ́yà kọ ọ́ pé, "Ara irin yìí dára púpọ̀. Ẹ wo etí rẹ̀, bí funfun rẹ̀ ṣe ń yọ orí wótowòto bí kánáfùrù. Ilé àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń kọ 'ọ̀kan' ni irú èyí ti máa ń wá. Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ ká rọra." Ká rọra kẹ̀? Ta ló ń bínú tó ń rọra? Ìyá Ẹ́kísíréè mú àwòrán ìrù idà, ìyẹn ibi tó máa ń wọ inú èèkù, tó ti dógùn-ún títí ó fi dúdú, ó fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú fóònù. Ẹ̀sùn ló ń wá. Ẹni tó bá sì ń wá ẹ̀sùn, kì í pẹ́ tí yóò fi rí i. Ìlà kan ṣoṣo náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n fi irin gbẹ́ máa ń ní orí àti ìdí: orí á sanra níbi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìdí á tín-ín-rín níbi tó parí sí. Òsì ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń fa "ọ̀kan" lọ sí ọ̀tún, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wọn mọ̀ ọ́n. Orí ti èyí wà ní ọ̀tún.

Ó kọ ọ́ síta níṣojú gbogbo wọn: "Ẹ wo orí ìlà. Ọ̀tún ló wà. Ẹni tó gbẹ́ eléyìí kò mọ ìwé wọn. Èké ni. Wọ́n gbẹ́ ẹ sí i láti fi tan òmùgọ̀ kan jẹ ni." Bàbá rẹ̀ tó bí i ló pè ní òmùgọ̀ yẹn, kò sì dúró rò ó.

Ẹgbẹ́ gbiná. "Ojú Àwòdì!" "Ọ̀gá, ẹ ti pa á!" Lọ́yà náà ní, "Mi ò rí i tẹ́lẹ̀. Mo gbà." Ọmọ Kúùkù wá kọ ọ́ pé, "Kí ni kí n wá ṣe báyìí, sà?"

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa àwọn aláìlèjókòó-jẹ́ẹ́ yìí. Lọ́dọ̀ wọn, idà tí kò ní orúkọ sàn ju idà tó ní orúkọ èké lọ. Àwọn onídàájọ́ tó ń fún idà níwèé kì í fún idà tó ní orúkọ èké (wọn kì í tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì), nítorí náà, bí ó bá ti dájú pé èké ni, ẹni tó ni ín á ní kí wọ́n fá orúkọ náà dànù. Ṣùgbọ́n òfin wọn le: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìrù idà títí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi gbé e lọ́wọ́, tí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwòrán kì í ṣe idà. Lọ́yà rán wọn létí: "Kí ẹnì kan kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́ ná." Àwòdì dá a lóhùn pé, "Kí lẹ tún fẹ́ gbé lọ́wọ́? Ojú ò ríran ni?" Ó wá kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Fá a."

Ṣé ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ máa wá fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin kiri? Ó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ọjọ́ kejì ló ránṣẹ́ pé òun ti fá a, pé kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, pé kí Ọlọ́run bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Àwòdì. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ìyá Ẹ́kísíréè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn nọ́ọ̀sì bi í bóyá wọ́n ti fi kún owó oṣù.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, fóònù dún. Nọ́ńbà tí kò rí láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Àbúrò."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bọ̀dá?"

"Èmi ni. Má pa fóònù o. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Idà Bàbá yẹn, mo ti mú un fún àwọn tó mọ̀ ọ́n wò. Irọ́ ni. Orúkọ èké ló wà lára rẹ̀. Ohun tí èmi àti ìwọ torí ẹ̀ di ọ̀tá, kò jẹ́ nǹkan kan. Mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ náà. Mo rò ó pé, ṣé irọ́ ni mo fi lé ọmọ ìyá mi jáde? Àbúrò mi, má bínú. Ẹnu mi ló gbé ọ̀rọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn. Wá lọ́la. Tí o bá fẹ́ ẹ, máa gbé e lọ, mi ò tiẹ̀ fẹ́ rí i mọ́."

Ó dúró láàárín aṣọ tútù, ó ń sunkún, inú tún ń bí i pé òun ń sunkún. Ọdún mẹ́sàn-án! Bó bá mọ̀ pé irọ́ kan ṣoṣo ló máa bá a gba "má bínú" lẹ́nu ọkùnrin yẹn, ṣebí ì bá ti pa á tipẹ́. Ó ní òun ń bọ̀.

Ọjọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ra bísíkítì páálí kan dání. Lójú ọ̀nà, ó ṣí ẹgbẹ́. Ọmọ Kúùkù ti gbé àwòrán tuntun síta, ìrù idà náà, pẹ̀lú ibi tó fá tó ń dán yanran. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Ẹ wò ó bó ṣe mọ́. Fóònù ìyàwó mi ni mo fi ya èyí. Tèmi, kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́, ti iwájú tí wọ́n fi ń ya ara ẹni ni mo fi ya ti ọjọ́sí."

Ó kà á kọjá. Ó padà. Ó tún un kà.

Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín síwájú, kí ẹ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ìka wà lókè. Apá òsì ni àtàǹpàkò wà, àbí? Bí ẹ yí ayé ká, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò wà. Bí idà náà ṣe rí nìyẹn: bí ẹ bá ń wo ojú kan rẹ̀, tí ṣóńṣó wà lókè, ibì kan náà ni ẹnu mímú rẹ̀ máa ń kọjú sí. Nínú àwòrán tuntun yìí, ẹnu mímú kọjú sí òsì. Nínú ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀tún ni. Ojú idà kan náà ni, ihò inú ìrù kan náà, ibi ìlà kan náà. Ó fẹ àwòrán àtijọ́ náà, kì í ṣe àárín rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, igun rẹ̀. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri níbẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn, bí ìgbà tí ènìyàn ń kàwé nínú dígí. Fóònù ló yí i padà. Ìlà tó rí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, láti òsì ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Òótọ́ ni idà náà. Òótọ́ ni Bàbá sọ.

Ìyá Ẹ́kísíréè sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ. Ó kọ́kọ́ bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́, tí kò mọ̀ pé kámẹ́rà iwájú ń yí nǹkan padà!" Ó bú ẹni tó ṣe fóònù. Ó bú Lọ́yà, àgbà tó rí ọ̀nà tó sì jẹ́ kí òun tì í kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó, wọ́n ń ya fún un. Ìgbà tó bú wọn tán, ó wá ku ẹnì kan. Òun tó jẹ́ pé lẹ́tà òjé méjì ló ń gbé nínú àpò aṣọ lójoojúmọ́, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, tí kì í ya egungun kankan láì fi ọ̀kan sí i, kí wọ́n má baà lọ ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan! Òun tó ti bú àwọn ọmọ iṣẹ́ títí wọ́n fi sunkún nítorí lẹ́tà yẹn! Ó rí ọ̀tún, kò bèèrè pé ọ̀tún ta ni. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí," ó ń sọ ọ́ síta, "ìwọ obìnrin burúkú yìí."

Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì rí i. Ó wo ẹgbẹ́, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ ni. Kò sí ẹni tó lọ wo àwòrán àtijọ́ mọ́. Bó bá panu mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jẹ́ tirẹ̀ títí láé. Bó bá lanu, yóò tún pàdánù rẹ̀, a sì ti fá ìlà náà, kò ní padà. Kí ni òkú fẹ́ fi orúkọ rere ṣe? Ó pinnu lójú ọ̀nà yẹn pé òun ò ní sọ̀rọ̀. Ó nu ojú, ó gbé bísíkítì rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Yàrá méjì ni ilé ẹ̀gbọ́n, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. "O ti rù o, Àbúrò. Ṣé ọsibítù ò fún yín lóúnjẹ ni?" Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sáré sókè sódò. Lórí tábìlì, lórí táwẹ́ẹ̀lì, idà náà dùbúlẹ̀ láìní èèkù, ibi tí wọ́n fá lára rẹ̀ ń dán bí kọ́kọ́rọ́ tuntun.

"Ìyẹn náà nìyẹn," ẹ̀gbọ́n wí. "Ọ̀gá kan ló là mí lójú, Àwòdì ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́pọlọ ọkùnrin. Àwòrán kan péré ló wò."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan mìíràn."

"Ó ti ń dùn mí ni! Ṣé o mọ ohun tí mo rò? Bàbá ló gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà ló fi gbẹ́ ẹ, ní kíṣínì ọkọ̀. Fojú inú wo Baba Onídà, ó ti ahọ́n síta, ó ń gbẹ́ 'ọ̀kan' lódì!" Ó fara wé bàbá rẹ̀, ó ti ahọ́n síta, ó ń fi ìka ha tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bọ̀dá, ẹ fi Bàbá sílẹ̀."

"Kí ni mo ṣe fún un? Èmi tí mo bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà nítorí rẹ̀! Èmi tí mo gbé irọ́ rẹ̀ sórí bí adé! Bó bá wà láàyè lónìí, màá bi í léèrè." Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ó gbé ife omi rẹ̀. "Ká gbà bẹ́ẹ̀, Àbúrò. Òpùrọ́ ni bàbá wa."

"Bàbá ò purọ́."

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní..."

"Mo ní Bàbá ò purọ́!" Ife omi tirẹ̀ ti dànù sórí tábìlì, kò mọ ìgbà tó dìde. "Èmi ni. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Èmi ni Àwòdì."

Ẹ̀gbọ́n wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ni ó bá yọ fóònù, ó fi àwòrán méjèèjì hàn án, ó fi kàlẹ́ńdà hàn án. Kò ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ti ń gé kọ́kọ́rọ́ láti ọgbọ̀n ọdún mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èyí tí wọ́n gé lódì. Ó wo àwòrán, ó wo idà, ó wo kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an lára ògiri. Ó fi àtàǹpàkò ra ibi tó ń dán náà, ó ń rà á, ó ń rà á. Ìyàwó rẹ̀ rọra gbé àwo omi, ó wọ inú yàrá lọ.

"Ìwọ ni mo ń pè ní sà."

"Ta ló ní kí ẹ fi kámẹ́rà dígí yà á?" Ó ń pariwo báyìí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ gbé fáìlì? Mo ní kí ẹ fá a, ẹ sì fá a! Bí mo bá ní kí ẹ kó sí kànga ńkọ́? Idà tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi, ẹ ò lè tọ́jú rẹ̀!"

"Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ ni!"

"Ẹ ò mọ̀ pé èmi ni!"

"Ṣé o wá sọ pé mo jẹ̀bi? Ìwọ àti ta ni?" Òun náà ti dìde. Ẹni tó ń lẹ táyà nísàlẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó gbá ojú mú. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Dákẹ́ ná. Àṣìṣe kì í ṣe ohun tí kò lè ṣe ènìyàn. Fóònù mi ló bà á jẹ́, ìwọ náà ò mọ̀. Ìyẹn, mo lè gbé e mì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́, kí o dá mi lóhùn bí ọmọ bàbá mi. Idà Ọmọ Kúùkù tí o rí lọ́jọ́ yẹn, ṣé o mọ̀ pé ti Bàbá ni?"

Ó rọrùn láti sọ pé rárá. Idà mélòó ni ẹgbẹ́ ń gbé síta lọ́sẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ mọ ìtàn okùn búlúù, kò sí nílé lọ́jọ́ tí Bàbá so ó. Ọkùnrin yìí fẹ́ kó sọ pé rárá. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá."

"Kí o tó rí ìlà náà?"

"Kí n tó wo ìlà náà rárá."

Ẹ̀gbọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé idà náà, ó gbé e sábẹ́ apá, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ìta, ó sì dúró tì í. Ìyá Ẹ́kísíréè gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, ó fi bísíkítì sílẹ̀ lórí tábìlì tó tutù.

Nísàlẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù táyà, ó dúró láàárín òórùn rọ́bà, ó ṣí ẹgbẹ́, ó kọ ọ́: "Àwòdì nìyí. Obìnrin ni mí. Àwòrán Ọmọ Kúùkù ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kámẹ́rà ló yí i padà, ẹ wo kàlẹ́ńdà tó wà ní igun rẹ̀. Òsì ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni orúkọ náà. Lọ́yà ní ká rọra, èmi ni mo ní kí wọ́n fá a, torí mò ń bá ẹni tó ni ín bínú. Kúùkù inú ọkọ̀ tó gba idà yẹn, bàbá mi ni. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bèèrè."

Ó rán an. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́pọ̀ yanturu, èébú, ìyanu, ẹnì kan tó ń bèèrè bóyá àwọn onídàájọ́ lè gba àwòrán gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Orúkọ kan ṣoṣo ló ń wá láàárín àwọn tó ti kà á. Ó rí i: Ọmọ Kúùkù ti kà á. Ó dúró. Ẹni tó ń lẹ táyà bi í bóyá ó ń wá ẹnì kan, ó ní rárá.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìlà kékeré kan yọ nísàlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà: Ọmọ Kúùkù ti kúrò nínú ẹgbẹ́.